Ẹrú Tí Wọ́n Fi Pààrọ̀ Ẹṣin: Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, orí ló ń gbé ni dé ibi tí à ń lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ wo Àjàyí Crowther.

Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣoògùn, òun àti ìyá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọmọ bí ọdún 12. Wọ́n tà á kiri. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ò wu ẹni tó gbà á, ni wọ́n bá dá Àjàyí padà!

Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní Èkó. Ọjọ́ kejì báyìí ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ká wọn mọ́ ojú òkun, tó sì gbà wọ́n lọ sí Freetown. Ká ní wọ́n ti tètè lọ jìnnà ni, bóyá oko ìrèké ni ìbá kú sí.

Freetown ló ti kàwé. Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Èkó ló kú sí ní 1891.

Oríire lè yọ ènìyàn lójú òkun, àmọ́ kò lè bá a kàwé. Ẹlòmíì ló kọ́kọ́ rán Àjàyí níwèé. Ọmọ tí ẹgbẹ́ wa bá san owó ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dún yìí ńkọ́? Ta ló mọ̀?