John O'Donovan àti Orúkọ Àwọn Abúlé Ireland

Bí ẹ bá wo máàpù ilẹ̀ Ireland, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn Fadá tí ó wàásù fún àwọn bàbá wa ti wá, ẹ ó rí i pé àwọn ìlú tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kil kò lóǹkà. Létí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ẹni pé pípa ènìyàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Cill ni àwọn onílẹ̀ ń pe ṣọ́ọ̀ṣì ní èdè wọn. Kilkenny sì ni ṣọ́ọ̀ṣì Canice Mímọ́. Ṣùgbọ́n coill, èyí tí í ṣe igbó, di Kil pẹ̀lú lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, Kilmore kan lè jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, kí Kilmore mìíràn sì jẹ́ igbó ńlá. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀?

John O'Donovan ni ó dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Ní 1806 ni wọ́n bí i sí ìdílé àgbẹ̀ ní abúlé Atateemore, ní ìpínlẹ̀ Kilkenny. Bàbá rẹ̀ kú ní 1817. Patrick, arákùnrin bàbá rẹ̀, ni ó gbin ìfẹ́ ìtàn ìdílé àti ti ilẹ̀ sí i lọ́kàn.

Ní 1830 ó wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń wọn ilẹ̀ Ireland fún ìjọba. Ọmọ ogun ni àwọn awọnlẹ̀ náà. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀, bí etí wọn bá sì ti gbà á ni wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn abúlé kéékèèké ilẹ̀ náà sì lé ní 60,000! O'Donovan a máa rìn láti ibì kan dé ibì kejì nínú òjò àti òtútù, a máa bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n ti ń pe orúkọ ibẹ̀ gan-an, a sì fi ìdáhùn wọn wé ohun tí ó wà nínú ìwé àtijọ́.

Ìjọba fẹ́ kí orúkọ orí máàpù rí bí ti Gẹ̀ẹ́sì, òun kan náà ni ó sì ń dábàá bí a ó ti kọ ọ́. Àwọn kan bá a wí nítorí èyí. Ní tèmi, n kò lè dá a lẹ́bi tán, nítorí ó rí i pé orúkọ ìbílẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ wọ inú àwọn ìwé orúkọ tí a ń pa mọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí àkókò náà. Ní 1845 àrùn kọlu pòtétò tí àwọn tálákà fi ń ṣe oúnjẹ. Nínú ìyàn tí ó tẹ̀ lé e, bí 1,000,000 ènìyàn ni ó kú, ó kéré tán bí iye kan náà sì ṣí kúrò nílùú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ irú àwọn ará abúlé tí O'Donovan ti bi léèrè.

Òun náà kú ní Dublin ní oṣù Kejìlá 1861, a sì sin ín sí Glasnevin. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni Kil ti abúlé rẹ̀ tàbí igbó, ìwé wọ̀nyẹn ni yóò ṣí wò.