Paavo Nurmi, Ẹni tí ó Mọ Bí a ti í Pín Agbára

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní etí pápá ní ọjọ́ eré àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti rí irú èyí: a ó fọn fèrè, ọmọ kan yóò ta bí ọfà, gbogbo ènìyàn yóò sì máa hó yèè. Ṣùgbọ́n kí ó tó yí pápá po lẹ́ẹ̀kẹta, èémí rẹ̀ yóò ti kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti wúwo bí òjé, àwọn tí ó ti fi sílẹ̀ yóò sì máa kọjá lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí irú nǹkan báyìí kọ́ lọ́gbọ́n.

Ní ìlú Turku, ní ilẹ̀ Fínlándì, ni a bí Paavo Nurmi ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1897. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni baba rẹ̀. Baba náà kú ní 1910, ọmọ náà sì di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì. Òun ni ó ń ti ọmọláńke ẹrù gun òkè lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Ní 1912, Hannes Kolehmainen, ọmọ ilẹ̀ wọn, borí nínú eré Òlímpíìkì ní Stockholm; láti ìgbà náà ni ọkàn Nurmi ti fà sí eré sísá.

Ní 1920, òun náà lọ sí Òlímpíìkì ní Antwerp. Nínú eré 5,000 mítà, ó ṣáájú, ṣùgbọ́n Joseph Guillemot, ará Faransé, tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, ó sì kọjá rẹ̀ nígbà tí òpin kù sí dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Nurmi borí Guillemot nínú 10,000 mítà. Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣubú ti ìṣáájú.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń rí i tí ó ń sáré pẹ̀lú aago kékeré ní ọwọ́. Bí ó ti ń yí pápá po ni ó ń wò ó, kí ìgbà kọ̀ọ̀kan má baà yá ju èkejì lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn: ohun tí sárésáré jèrè nípa ìwàǹwára ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlọ́po rẹ̀ ni yóò san padà ní ìkẹyìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1924, ní Paris, ó borí nínú 1,500 mítà. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pè é sí 5,000 mítà. Ville Ritola, ará ilẹ̀ rẹ̀, àti Edvin Wide, ará Swídìnì, rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi eré líle bẹ̀rẹ̀. Nurmi kò bá wọn wàǹwára. Nígbà tí ó tó àkókò láti bá ènìyàn jà, tí kì í ṣe aago mọ́, ó sọ aago náà sórí koríko, ó sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ borí Ritola. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, oòrùn mú gidigidi níbi eré inú ìgbẹ́. Nínú ènìyàn 38 tí ó bẹ̀rẹ̀, 15 péré ni ó parí rẹ̀. Nurmi ni ó ṣáájú gbogbo wọn.

Àmì-ẹ̀yẹ wúrà 9 àti fàdákà 3 ni ó gbà ní Òlímpíìkì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ayé kò dùn tán fún ẹnikẹ́ni: ní 1932, ó ti dé Los Angeles nígbà tí àwọn alákòóso eré dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ní ó gbà. Síbẹ̀, ní 1952, òun ni ó gbé iná Òlímpíìkì wọ pápá ní Helsinki, tí gbogbo ènìyàn sì dìde fún un. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1973.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún eré ọ̀nà jíjìn, ẹ mú aago lọ́wọ́. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó yí pápá po, kí ẹ sì fi hàn án. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti mú kí ìkẹyìn dọ́gba pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò wúlò fún un ju orí pápá lọ.