ÌTÀN SARAH FORBES BONETTA, AYA DAVIES TI ÈKÓ

Bí a bá ń pìtàn kòkó ní agbègbè Àgege yìí, orúkọ Ọ̀gbẹ́ni James Pinson Labulo Davies ni a máa ń kọ́kọ́ dá, nítorí òun ni ó gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijon ní nǹkan bí ọdún 1880. Ní oko kan náà ni ó gbé òkúta gíga kan nàró ní ìrántí aya rẹ̀, tí a kò sin síbẹ̀. Ìtàn obìnrin náà ni a ó sọ fún ẹ̀yin ará Ìjọ àti ẹ̀yin alùfáà tí ẹ bẹ̀ wá wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1843 ni a bí i ní Òkè-Odàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa nísinsìnyí. Ní 1848 ogun Dàhòmì kó ìlú náà. Òbí rẹ̀ kú, òun sì di ẹrú. Ní 1850 Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ bẹ Ọba Gezo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ọba náà kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ ọ́, wọn yóò fi í rúbọ. Nítorí náà ó gbà á. Àgbádárìgì, ìlú etí òkun wa, lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., ni a gbé sàmì fún un, tí a sì fi orúkọ ọ̀gá náà àti ti ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, pè é. Ó ní orúkọ kan ṣáájú. Nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjìlá, Ina ni ó ṣáájú Sarah. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí i yóò kà á sí Àìná, orúkọ ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé.

Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gba ẹrù ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu. Ní 1851 a fi í ránṣẹ́ sí Freetown, ní etí òkun Sàró, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí C.M.S. dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1849, èyí tí a wá ń pè ní Annie Walsh lẹ́yìn náà. Nínú ọgbà náà ni àwọn ọmọ ń gbé, tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́, ìwé kíkọ àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Sarah mọ̀wé púpọ̀. Ẹ̀bùn ń ti ààfin dé bá a. Bóyá èyí gan-an ni ó yà á sọ́tọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ kò dùn níbẹ̀. Ní 1855 a dá a padà.

Ní Gillingham ni ó wá ń gbé, lọ́dọ̀ Àlùfáà Schön, ẹni tí ó bá Ajayi Crowther rin ìrìn Odò Ọya ní 1841. Ìyá ni ó ń pe aya Schön. Nígbà tí Davies, opó-ọkùnrin olówò, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, wá tọrọ rẹ̀, ó kọ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà obìnrin kan ní Brighton, létí òkun. Níbẹ̀ ni ó ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ náà pé òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí. Àwọn tí ó yí i ká rò pé ire rẹ̀ ni àwọn ń wá. Àwa kò lè yìn wọ́n fún èyí. Nígbẹ̀yìn ó gbà, a sì so wọ́n pọ̀ ní ìjọ St Nicholas, Brighton, ní ọjọ́ 14 oṣù August 1862.

Ní Èkó ni wọ́n fìdí ilé wọn kalẹ̀. Davies ni ó ti pèsè owó ìwé nígbà tí a ń dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Nígbà tí a bí àkọ́bí wọn obìnrin ní 1863, Ọbabìnrin gbà láti jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Victoria. Àwọn ọmọ méjì tẹ̀ lé e.

Owó Davies wọmi, ikọ́ ife sì ń jẹ aya rẹ̀. Ó lọ wá ìlera sí erékùṣù Madeira, ó sì kú ní Funchal ní ọjọ́ 15 oṣù August 1880. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi lé ní ọdún méjìdínlógún tí a ti gbé wọn níyàwó. Ọjọ́ tí Victoria ń lọ kí Ọbabìnrin ni ó gbọ́ ikú ìyá rẹ̀. Ní Funchal ni a sin ín sí. Baálé rẹ̀ padà sí oko Ijon, ó gbé òkúta náà nàró, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, ó sì wà láàyè títí di 1906, nígbà tí kòkó ti tàn dé oko àwọn ẹlòmíràn ní Àgege.