Thomas Lecky: Ọmọ Jàmáíkà tó ṣẹ̀dá màlúù tuntun nítorí àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan

Ẹni tó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tó kọjá ní Fìdítì, tó sì ń súnmọ́ Ìlọràá, kò ní í ṣe aláìrí màlúù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni màlúù funfun oníké tó ga lẹ́sẹ̀, tí àwọn Fúlàní ń dà kiri. Màlúù yìí lè rìn jìnnà, oòrùn kì í sì í tètè dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún wàrà rẹ̀ tán láàárọ̀, tí wọ́n fi ti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, lítà kan tàbí méjì ló sábà máa ń wà nínú igbá. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ sin màlúù mélòó kan fún wàrà ní agbègbè Afijió fi gbọ́dọ̀ ronú nípa irú akọ tó yẹ kó gun àwọn abo wọ̀nyí, kí ọmọ tí wọn yóò bí lè ní wàrà ju ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn kan gbà pé kí wọ́n ṣáà lọ gbé màlúù òyìnbó dúdú-òun-funfun wá, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í parí síbẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní erékùṣù Jàmáíkà tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kan náà. Thomas Phillip Lecky ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa má tíì gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Jàmáíkà, kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ màlúù tí wọn kò ní í dárúkọ rẹ̀.

Ọdún 1904 ni wọ́n bí Lecky, ní abúlé Swift River, ní ẹkùn Portland, níbi tí òkè pọ̀ sí, tí òjò sì máa ń rọ̀ púpọ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Jàmáíkà wà nígbà náà. Nígbà tí àwọn ẹrú gba òmìnira pátápátá lọ́dún 1838, ilẹ̀ títẹ́jú tó dára wà lọ́wọ́ àwọn olóko ìrèké ńláńlá, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira sì gba orí òkè lọ, wọ́n ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dá oko wọn. (Ẹ má rò pé ilẹ̀ àjèjì pátápátá là ń sọ o. Abúlé kan wà ní ẹkùn Westmoreland ní Jàmáíkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abeokuta títí dòní.) Àárín irú àwọn àgbẹ̀ orí òkè bẹ́ẹ̀ ni Lecky dàgbà sí. Ẹni tó bá ní màlúù kan tàbí méjì nínú wọn ti ṣe bẹbẹ, màlúù náà kò sì gbọdọ̀ jẹ ju ohun tí ilẹ̀ kékeré náà lè hù jáde lọ.

Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Jàmáíkà, ó sì bá ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, ó kọjá sí Kánádà, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn níbẹ̀, ó sì padà wálé. Oko ìjọba kan wà lẹ́bàá ìlú Kingston tí wọ́n ń pè ní Hope. Kí Lecky tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí da màlúù òyìnbó pọ̀ mọ́ màlúù oníké láti Íńdíà, nítorí ojú wọn ti rí ohun tí màlúù òyìnbó ń ṣe bó bá dé ilẹ̀ gbígbóná. Bí oòrùn bá mú, á máa mí gúlegúle, kò ní í fẹ́ jẹun, wàrà á sì fà sẹ́yìn. Eégbọn á bò ó, ibà tí eégbọn ń kó bá ẹran á sì pa á. Ti màlúù oníké yàtọ̀. Awọ rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó ń làágùn dáadáa, eégbọn kò sì rí i mú tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wàrà rẹ̀ kì í pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í jẹ́ kí wàrà sọ̀ bí ọmọ wọn kò bá sí nítòsí.

Ibi tí ọgbọ́n Lecky ti hàn ni ọ̀nà tó gbà yan èyí tó yẹ nínú àwọn màlúù náà. Bó bá jẹ́ pé màlúù tí wàrà rẹ̀ pọ̀ jù lágbàáyé ló ń wá ni, Friesian ni ì bá mú. Ṣùgbọ́n Friesian tóbi, oúnjẹ rẹ̀ pọ̀, ara ńlá náà sì máa ń di ooru sínú. Lecky wo àwọn ìwé tí wọ́n ti ń kọ iye wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan sí, ó fi ìran kan wé èkejì, ó sì rí i pé Jersey ni ọwọ́ òun yẹ kó dì mú. Láti erékùṣù kékeré kan tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ni Jersey ti wá. Kò tóbi, oúnjẹ tí kò pọ̀ tó ti Friesian ń tó o, ọ̀rá pọ̀ nínú wàrà rẹ̀, ó sì wà lára àwọn màlúù òyìnbó tó lè fara da ooru jù. Sahiwal tó ti agbègbè Punjab wá ló bá a pọ̀, nítorí pé nínú àwọn màlúù oníké, ó wà lára àwọn tí wàrà wọn dára jù. Friesian kàn fara kàn án díẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ìdá 80 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ màlúù tuntun náà jẹ́ ti Jersey, ìdá 15 jẹ́ ti Sahiwal, ìdá 5 tó kù sì jẹ́ ti Friesian.

Ẹnu dùn ún ròyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì. Bí akọ Jersey bá gun abo oníké, ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń dára gan-an, á ní wàrà, á sì lágbára. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ. Ọmọ náà á dàgbà, a ó tún fẹ́ kó bí, akọ wo ni yóò wá gùn ún? Bó bá jẹ́ akọ òyìnbó mìíràn, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ooru àti eégbọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bó bá jẹ́ akọ tóun náà jẹ́ àdàlù, àwọn ọmọ kò ní í rí bákan náà, òmíràn á jọ baba ńlá rẹ̀, òmíràn á jọ ìyá ńlá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni pé kí wọ́n máa ṣà wọ́n láti ìran dé ìran, kí wọ́n máa wọn wàrà, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì yọ èyí tí kò kún ojú òṣùwọ̀n kúrò láìwo ẹwà rẹ̀. Akọ ló tiẹ̀ le jù níbẹ̀, nítorí kò lọ́mú tí a ó fún. Àfi kí àwọn abo tó bí dàgbà, kí àwọn náà bímọ, kí wọ́n sì fún wàrà wọn wò kí wọ́n tó mọ ohun tí baba wọn gbé sínú, èyí sì lè gbà tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí akọ kan ṣoṣo.

Lecky ti lé ní ẹni ọdún 45 nígbà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Edinburgh lọ́dún 1951, orí ọ̀rọ̀ bí màlúù wàrà yóò ṣe dára sí i ní ilẹ̀ gbígbóná ló sì fi gbà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1952, wọ́n fọwọ́ sí màlúù náà gẹ́gẹ́ bí ìran tó dá dúró, wọ́n pè é ní Jamaica Hope. Ó tún lọ́wọ́ nínú ṣíṣẹ̀dá àwọn màlúù ẹlẹ́ran bíi Jamaica Red àti Jamaica Black, ṣùgbọ́n ti wàrà yìí ló kan àgbẹ̀ kékeré jù.

Ǹjẹ́ ẹni tó wà ní Fìdítì tàbí Ìlọràá lè ṣe bí Lecky ti ṣe gẹ́lẹ́? Lójú tèmi, rárá. Kò sí eṣinṣin tsetse ní Jàmáíkà, bẹ́ẹ̀ eṣinṣin náà ló ń kó àìsàn oorun bá màlúù ní ilẹ̀ wa, Jersey àti Sahiwal kò sì lè dúró níwájú rẹ̀. Màlúù tó lè dúró ni N'Dama tó ti ilẹ̀ Guinea wá, irú èyí tí wọ́n sìn ní oko ìjọba ní Fáṣọlà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, àti Mútúrù kúkúrú tí kò níké. Wàrà àwọn wọ̀nyí kò pọ̀ rárá. Ní Vom, wọ́n fi Friesian gun màlúù funfun Fúlàní, ṣùgbọ́n orí òkè Jos tó tutù ni Vom wà, ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ lè má ṣeé ṣe lábẹ́ oòrùn Afijió. Ó sì yẹ ká rántí pé akọ ńlá lè fi ọmọ tó tóbi jù sínú abo kékeré, tí ìbímọ á wá di ogun. Ewu yẹn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ Jersey, nítorí ọmọ rẹ̀ máa ń kéré.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Oko ìjọba ni Lecky ti ṣiṣẹ́, ó ní àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́. Ẹni tó ní màlúù márùn-ún kò lè dá ìran tuntun sílẹ̀, nítorí láìpẹ́ ni baba á máa gun ọmọ. Ohun tó lè ṣe ni kó wá akọ tàbí àtọ̀ akọ tí wọ́n ti dán wò, kó pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ òyìnbó mọ, kó sì ní ìwé kan tó ń kọ iye wàrà sí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá oko àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ káàkiri, tí Ìlọràá sì wà lára àwọn ìlú tó ní i, èrò wọn ni pé kí àgbẹ̀ kékeré má dá nìkan wà. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ìran màlúù ń fẹ́ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Lecky fẹ̀yìntì lọ́dún 1965, kò sì tìtorí èyí fi màlúù sílẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fi oyè Order of Merit dá a lọ́lá, ó sì kú lọ́dún 1994. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 náà ni Jàmáíkà ṣílẹ̀kùn fún ọjà òkèèrè nítorí àdéhùn owó yíyá, ni wàrà oníyẹ̀fun tí ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ti fowó ràn lọ́wọ́ bá wọlé ní ẹ̀dínwó. Àwọn àgbẹ̀ da wàrà tútù nù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ta màlúù wọn fún alápatà. Iye wàrà tí erékùṣù náà ń pèsè fúnra rẹ̀ wá sílẹ̀ gan-an láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran Jamaica Hope kò parun. Ní Bodles, ní ẹkùn St. Catherine, ni oko ìwádìí ìjọba tó tọ́jú rẹ̀ wà.