Semmelweis, Olùgbèjà Àwọn Abiyamọ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1818 ni a bí Ignaz Semmelweis ní ìlú Buda ní ilẹ̀ Húńgárì. Oníṣòwò ni baba rẹ̀. Òfin ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Vienna, olú-ìlú ilẹ̀ Ọ́stríà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yí padà sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó gba oyè oníṣègùn ní ọdún 1844, nígbà tí ó sì di ọdún 1846, a fi í ṣe igbákejì ọ̀gá ní ilé ìgbẹ̀bí tí ó wà nínú ilé ìwòsàn ńlá Vienna.

Ní àkókò náà, ibà burúkú kan a máa kọlu àwọn obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ibà abiyamọ ni a ń pè é. Obìnrin tí ó bímọ láyọ̀ lónìí lè di ẹni ilẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ẹ̀ka méjì ni ilé ìgbẹ̀bí náà ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka kìíní, àwọn agbẹ̀bí sì ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka kejì. Ní ọdún 1846, nínú 100 abiyamọ tí ó wọ ẹ̀ka kìíní, àwọn tí ó kú lé ní 11. Ní ẹ̀ka kejì, wọn kò tó 3. Àwọn aboyún a máa fi omijé bẹ̀bẹ̀ kí a má gbé wọn sí ẹ̀ka kìíní. Àwọn mìíràn tilẹ̀ bímọ sí ojú ọ̀nà, ikú kì í sì í pa àwọn wọ̀nyí tó àwọn ti ẹ̀ka kìíní.

Ọ̀ràn yìí kò jẹ́ kí Semmelweis sinmi. Àwọn àgbà oníṣègùn gbà pé afẹ́fẹ́ búburú ni ó fa ibà náà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀ka méjèèjì ń mí. Ní oṣù kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, kú. Nígbà tí wọ́n ń la òkú wò ni ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un ní ìka. Nígbà tí Semmelweis gbọ́ bí ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí lẹ́yìn ikú, ó rí i pé kò yàtọ̀ sí ti àwọn abiyamọ. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn ní ọgbọ́n. Àwọn oníṣègùn ń la òkú, wọn a sì fi ọwọ́ kan náà yẹ aboyún wò. Àwọn agbẹ̀bí kì í fi ọwọ́ kan òkú rárá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún àfi bí ó bá ti fi omi kúlórìnì fọ ọwọ́, nítorí ọṣẹ lásán kò lè mú òórùn òkú kúrò. Ní oṣù kẹrin, bí 18 nínú 100 abiyamọ ni ó kú. Ní oṣù kẹfà, wọn kò tó 3. Ní ọdún 1848, oṣù méjì wà tí ẹyọ ẹnì kan kò kú ní ẹ̀ka kìíní.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kọ̀ láti gbà pé ọwọ́ tí ń wo aláìsàn ni ó ń pa á. Semmelweis kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà pé ọwọ́ òun náà ti fa ikú ọ̀pọ̀ obìnrin. Ní ọdún 1849, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1850, ó sì ṣẹ́gun ibà náà ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Pest. Ọdún 1861 ni ó tó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà. Nígbà tí wọn kò kà á sí, ó kọ lẹ́tà líle sí àwọn alátakò rẹ̀, èyí sì sọ ọ̀pọ̀ di ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 1865, ọpọlọ rẹ̀ dàrú, a sì mú un lọ sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, ní ẹni ọdún 47. Ojú ọgbẹ́ ni oró gbà wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ Kolletschka.

Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1879, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé fi kòkòrò tí ń fa ibà abiyamọ han àwọn oníṣègùn. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ti fi ìdí ohun tí Semmelweis ti wí múlẹ̀. Lónìí, kí dókítà tàbí agbẹ̀bí tó fọwọ́ kan aboyún, ó ní láti kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé ọkùnrin yìí fi kọ́ni ni pé ohun kékeré tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú, bí ọwọ́ fífọ̀, lè jẹ́ ààlà láàárín ikú àti ìyè, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ òtítọ́ kò gbọdọ̀ tijú láti yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò.