Burt Munro, Ọkùnrin Tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Irinṣẹ́

Ìtàn àwọn baba ńlá wa, àti ti àwọn ọmọ ìlú wa tí wọ́n ti ṣe gudugudu méje, ni a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí lọ́dọọdún. Ní ọdún yìí a tọrọ gáfárà lọ́dọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa, nílé àti lẹ́yìn odi, kí ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn àlejò kan tí kò mọ ìlú wa rí. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé ẹkún kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ alùpùpù títúnṣe ń sun sí wa létí: kò sí irinṣẹ́. Ẹkún náà kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, a fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa ọkùnrin yìí, kí àwọn òbí wọn sì gbọ́ pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe ohun gbogbo nínú ìtàn rẹ̀ ni ó dára láti fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Herbert James Munro ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Burt ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. A bí i ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ọdún 1899, ní Invercargill, ìlú kan ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ New Zealand, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ojúmọ́ bá ń mọ́ níhìn-ín. Ìbejì ni. Obìnrin ni èkejì rẹ̀, ó sì kú nígbà ìbí wọn. Àwa tí a mọ iyì ìbejì kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́ fún òbí. Oko ni a ti tọ́ ọ dàgbà, ní Edendale.

Ní ọdún 1920 ni ó ra alùpùpù kan tí à ń pè ní Indian Scout, èyí tí wọ́n ṣe ní Springfield ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 600 cc lọ, eré tí ó sì lè sá kò ju nǹkan bí máìlì 55 lọ ní wákàtí kan. Alùpùpù kan ṣoṣo yìí ni Munro fi ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ tún ṣe. Ní ọ̀sán, òṣìṣẹ́ ni, ó ń ta alùpùpù, ó sì ń ṣe mẹkáníìkì. Ní òru, ìdí tirẹ̀ ni ó máa ń wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, yóò sì tún gba ibẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 1953, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù náà gan-an dá iṣẹ́ dúró. Kí ni Munro ṣe? Ó yọ́ irin, ó dà á sínú agolo ògbólógbòó, ó sì fi bẹ́ẹ̀ rọ písítìnì. Ohun èlò tí àwọn ẹlòmíràn ń fi owó gidi rà láti wọn irin títí dé ìwọ̀n fínnífínní, sípóòkù ògbólógbòó kan ni ó fi dípò rẹ̀. Ọ̀pá tí ń gba agbára lọ́wọ́ písítìnì, láti inú irin tí ó gbé ẹsẹ̀ katakátá Caterpillar ni ó ti fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ jáde, bí ẹni ń gbẹ́ igi. Èyí tí ó bá fọ́, kò sọ ọ́ nù. Ó to àwọn písítìnì tí ó ti bàjẹ́ sórí pẹpẹ kan nínú gáréèjì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbọ ni wọ́n fún òrìṣà eré sísá. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, Ògún ni à bá ní ó ń bọ.

Ibi tí ó wù wá jù ni ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń so agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, òun náà ni ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ pa jíà dà. Àwo pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀, tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ra wọn. Bí àwo bá ti jẹ, tàbí tí sípíríǹgì bá ti dẹ̀, àwọn àwo náà yóò máa yọ̀ lórí ara wọn: ẹ́ńjìnnì yóò máa pariwo, alùpùpù kò ní fẹ́ lọ, òórùn jíjóná yóò sì gba gbogbo ibẹ̀. Bí Munro ti ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tí a ṣe fún máìlì 55 kò lè gbé e mọ́. Nítorí náà ó ṣe tirẹ̀, alàwo mẹ́tàdínlógún, tí agbára tí ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ tó 1,000 pọ́n-ùn, èyí tí ó tó ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án. Ó sì fi ṣéènì onílà mẹ́ta gba agbára náà kọjá.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì àárín kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò di àárín náà mú kí ó má yí. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́jà, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àwo kílọ́ọ̀ṣì tí ó ti jẹ tán, bí a bá jó o mọ́ ọ̀pá irin kan, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe. Kí àwọn ọmọ wa ṣáà rántí sípíríǹgì: a kì í tú bóòtù kan tán kí a tó kan èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dẹ wọ́n, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èyí tí ó kọjú sí i, kí ó má baà ta síni lójú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ìyókù. Ní ọdún 1947 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tí ó sì lọ ń gbé inú gáréèjì pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Àwọn tí ń yìn ín máa ń fò apá ibí yìí. Àwa kò fò ó, nítorí pé ilé ni ó san díẹ̀ nínú gbèsè irin náà, a kò sì rò pé ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, pápá iyọ̀ kan wà tí à ń pè ní Bonneville, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ ìta ọba. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń sá eré ìje ń lọ. Ní ọdún 1962, nígbà tí Munro ti di ẹni ọdún 63, tí àìsàn ọkàn sì ti ń bá a fínra, ó sá eré tí ó lé ní máìlì 178 níbẹ̀. Ó tún padà lọ, ó tún padà lọ. Ní ọdún 1967, nígbà tí ó pé ọdún 68, tí alùpùpù rẹ̀ pé ọdún 47, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti di 950 cc, ó gba ipò kìíní láyé fún ẹ́ńjìnnì tí kò tó 1,000 cc. Bí a bá lè fi irú eré bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, a kò ní lò tó ìdajì wákàtí.

Munro kú ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní, ọdún 1978. Máìlì 183.586 ni àwọn tí ó wọn eré náà kọ sílẹ̀ fún un nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé títí di ọdún 2014, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, John, ṣàkíyèsí pé wọ́n ti ṣi ìṣirò ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó di 184.087. Alùpùpù náà wà ní Invercargill, nínú ilé ìtajà E. Hayes, láàárín àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń tà.