Thierry Sabine: ọkùnrin tó ṣìnà kó tó la ọ̀nà Paris-Dakar

Àwọn tó ti ń gbọ́ rédíò láti nǹkan bí ọdún 1980 mọ̀ ọ́n: bí a bá ti ṣe ọdún tuntun tán, ìròyìn Paris-Dakar ló ń tẹ̀ lé e. Ọkọ̀, alùpùpù àti kámíọ̀ ló ń sáré láti ilẹ̀ Faransé wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀ wa níbí. Lónìí, Saudi Arabia ni wọ́n ti ń sá a, síbẹ̀ Dakar náà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú tipẹ́. Thierry Sabine lorúkọ ẹ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1949 ni wọ́n bí i ní Neuilly-sur-Seine, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Ìdíje ọkọ̀ àti alùpùpù ló gbà á lọ́kàn. Lọ́dún 1975, ó ṣètò ìdíje alùpùpù kan lórí yanrìn etí òkun ní Le Touquet, lápá àríwá Faransé. Ìdíje yẹn ṣì wà títí dòní. Kì í ṣe alùpùpù gígùn nìkan ló mọ̀; ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò jọ, kí nǹkan má sì dàrú.

Lọ́dún 1977, òun náà gun alùpùpù nínú ìdíje Abidjan-Nice. Nígbà tó dé aṣálẹ̀ Líbíà, ó ṣìnà. Kò sí ilé, kò sí ẹni téèyàn lè bi léèrè ọ̀nà. Díẹ̀ ló kù kó kú kí wọ́n tó rí i. Ẹlòmíì ì bá búra pé òun ò ní dé aṣálẹ̀ mọ́ láéláé. Tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Aṣálẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn débi pé ó fẹ́ mú àwọn ẹlòmíì wá wò ó. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ò bá ṣìnà kì í mọ̀nà.

Ó padà sílé, ó gbé àwòrán ilẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn sọdá òkun dé Algeria ńkọ́? Èpo ńkọ́? Omi ńkọ́? Ìyọ̀ǹda orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa gbà kọjá ńkọ́? Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Trocadéro ní Paris. Ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 10,000 ló wà níwájú wọn: Algeria, Niger, Mali, títí dé Senegal. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe awakọ̀ ìdíje tó ń gbowó oṣù. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe jẹun. Nígbà tí wọ́n dé Dakar ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1979, 74 péré ló kù. Cyril Neveu, ọmọ ọdún 22, ló gbégbá orókè lórí alùpùpù Yamaha. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń gun alùpùpù ti kú sójú ọ̀nà.

Ọdọọdún ni eré náà ń tóbi sí i. Lọ́dún 1982, Mark Thatcher, ọmọ Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọnù ní Sahara fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó rí i. Lọ́dún 1983, ìjì yanrìn dé bá wọn ní Ténéré, àwọn bí ogójì sì ṣìnà. Thierry fúnra ẹ̀ a máa wọ aṣọ funfun, a máa fi hẹlikọ́pítà tẹ̀ lé wọn láti òkè.

Hẹlikọ́pítà yẹn ló pa á. Lọ́dún 1986, olórin Daniel Balavoine wá sí Áfíríkà pẹ̀lú eré náà nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn abúlé. Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kìíní, hẹlikọ́pítà tó gbé wọn já lulẹ̀ nínú ìjì yanrìn nítòsí Gourma-Rharous ní Mali. Àwọn márààrún tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Ọmọ ọdún 36 ni Thierry. Aṣálẹ̀ Ténéré ni wọ́n da eérú òkú ẹ̀ sí. Gilbert, bàbá ẹ̀, ló gba eré náà tọ́jú.

Ká má fi ọ̀kan pamọ́. Abúlé bíi tiwa ni eré yẹn ń gbà kọjá. Lọ́dún 1988, ọkọ̀ ìdíje pa ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń sọdá ọ̀nà ní Mali, ọkọ̀ àwọn tó ń ya fíìmù sì pa ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ ní Mauritania. Wọn ò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan. Nítorí ètò ààbò ni wọ́n ṣe fagi lé eré ọdún 2008, tí wọ́n sì kó o lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Lọ́dún 2020, ó dé Saudi Arabia.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹ fẹ́ sọdá ibodè Igolo fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ dé Lomé tàbí Accra, kò sí hẹlikọ́pítà tó máa wá yín. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ọkọ̀ dání. Ẹ gba carte brune CEDEAO, ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Cotonou lọ́dún 1982; òun ni adójútófò tó máa san owó fún ẹni tẹ́ ẹ bá ṣe léṣe nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà fún ará ilé. Bẹ́ ẹ bá sì dé ibi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń sọdá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.